Ibo ni mo lè kó ọmọ kíláàsì mi lọ l'Ékòó kí wọ́n lọ wo iṣẹ́ ọnà àti àṣà wa, tówó ò sì ní pọ̀ jù?

Tíṣà_Ṣómólú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Tíṣà ni mí, praimárì fáìfù ni mò ń kọ́ ní Ṣómólú níbí, ilé ìwé wa ò tóbi, bí ogójì ọmọ ló wà ní kíláàsì tèmi. Gbogbo ìgbà tá a bá fẹ́ lọ ẹskọ́ṣọ̀n, ibi tí wọ́n ti ń gun nǹkan tó ń yí lókè náà là ń kó wọn lọ, wọ́n á pariwo, wọ́n á jẹ áísikrímù, wọ́n á sùn nínú bọ́ọ̀sì tá a bá ń bọ̀, ó parí nìyẹn. Mo wá sọ fún ọ̀gá wa pé lọ́tẹ̀ yìí ẹ jẹ́ ká kó wọn lọ síbi tí wọ́n á ti fojú ara wọn rí ère, aṣọ, ìlù, ilé àtijọ́, àwọn nǹkan tá à ń kọ́ wọn nínú ìwé tó jẹ́ pé àwòrán ẹ̀ ò tiẹ̀ hàn. Ọ̀gá ní ó dáa, kí n lọ kọ ètò ẹ̀ wá, àmọ́ owó tí òbí kọ̀ọ̀kan máa san ò gbọdọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí ìlú ṣe rí.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí, Èkó ni wọ́n bí wọn sí o, wọn ò tíì gba orí afárá Third Mainland kọjá rí. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ṣé òótọ́ ni pé òkun máa ń wọ yàrá bá àwọn tó ń gbé ní Island. Mi ò mọ èsì tí mo fẹ́ fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀hún dáadáa, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mùsíọ́mù Oníkàn àti ilé àṣà tuntun tí wọ́n ń pè ní Randle yẹn, ṣé wọ́n súnmọ́ra? Ṣé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè wọ méjèèjì lọ́jọ́ kan kó má bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún? National Theatre ńkọ́, ṣé wọ́n ti ṣí i? Ẹnì kan ní kí n kó wọn lọ Àgbádárìgì, mo ní ọ̀nà yẹn kẹ̀, pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti débẹ̀ rí ni kó dáhùn, ẹni tó rí i lórí TikTok kó jókòó jẹ́ẹ́.

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó

Tíṣà, ẹ kú làálàá o. Ẹ fọkàn balẹ̀, ojú kan náà ni gbogbo ẹ̀ wà. Mùsíọ́mù àti Randle, títì ló là wọ́n láàárín, tẹ́ ẹ bá dúró lẹ́nu géètì ọ̀kan ẹ máa rí ìkejì. Freedom Park ò jìnnà síbẹ̀, ẹsẹ̀ lásán lẹ máa fi dé'bẹ̀, TBS (Tafawa Balewa Square) náà wà níbẹ̀, ẹ ò ní sanwó kí àwọn ọmọ tó ka ẹṣin funfun mẹ́rin àti ẹyẹ idì pupa méje tó wà lókè ẹnu ọ̀nà ẹ̀.

Mùsíọ́mù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀, láàárọ̀, kó tó rẹ̀ wọ́n. 1957 ni wọ́n ṣí i, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Kenneth Murray ló ṣe wàhálà ẹ̀, tíṣà bíi tiyín lòun náà, iṣẹ́ ọnà ló wá ń kọ́ àwọn ọmọ wa kó tó di pé ó ń kó ère jọ kí wọ́n má baà kó gbogbo ẹ̀ tán lọ sókè òkun. Àwọn èèyàn máa ń rò pé òun ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, rárá o, ti Ẹ̀sìẹ́ ní Kwara ló ṣáájú, 1945 nìyẹn. Kẹ́ ẹ tó wọlé ẹ jẹ́ kí wọ́n gbójú sókè wo ère idẹ tó wà níwájú ilé náà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń na ara ẹ̀ sókè, tó wé ìlẹ̀kẹ̀ bíi ti ààfin Bìní, Anyanwu lorúkọ ẹ̀, Ben Enwonwu ló ṣe é. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bá mọ́tò kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ tí wọn ò wò ó lẹ́ẹ̀kan rí.

Inú lọ́hùn-ún, ère amọ̀ Nok wà, ti Ifẹ̀ wà, ti Igbo-Ukwu wà, ti Bìní wà. Nípa ti Bìní yẹn, ẹ sọ ìtàn ẹ̀ fún wọn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, pé 1897 ni àwọn sójà òyìnbó kó ẹrù ààfin lọ, pé ní June 2025 ìjọba Netherlands dá 119 padà, Oníkàn níbí gan-an ni wọ́n ti gbà á. Ọmọdé fẹ́ràn ìtàn olè tó dá ẹrù padà. Àmọ́ kí n má tàn yín o, ohun tí àwọn ọmọkùnrin máa sọ tí wọ́n bá délé ni mọ́tò Murtala Muhammed, olórí ìjọba sójà nígbà yẹn. Benz dúdú tí wọ́n yìnbọn pa á sínú ẹ̀ nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ ní February 13, 1976, ihò ìbọn ṣì wà lára ẹ̀. Ẹ kàn mọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ sọdá sí Randle. Ilẹ̀ tí Dókítà John Randle kọ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ sí ní 1928 fún àwọn ọmọ Èkó nìyẹn, owó ara ẹ̀ ló fi kọ́ ọ, ìjọba òyìnbó ò rí tiwọn rò. Wọ́n wó o nígbà tó yá, ilé àṣà Yorùbá ni wọ́n wá kọ́ síbẹ̀ báyìí, 2024 ni wọ́n ṣí i fún ará ìlú. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé Yorùbá ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sára ògiri, òyìnbó ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà Yorùbá, ẹ fojú inú wò ó, ọmọ tí wọ́n ń nà nílé ìwé torí pé ó sọ fànàkúlà, tó wá dé ibi ńlá báyẹn tó bá èdè ilé ẹ̀ lókè.

Oníkàn méjèèjì, Freedom Park, kẹ́ ẹ gba TBS kọjá. Ọjọ́ kan tó gbogbo ẹ̀.

Àdùkẹ́_Aláró

Bọ̀dá Ìsàlẹ̀ Èkó ẹ ṣeun o, àmọ́ ẹ fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ 😂 Mùsíọ́mù, Randle, Freedom Park, TBS, lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Pẹ̀lú ogójì ọmọ? Tíṣà mélòó ló ń bá wọn lọ?

Àǹtí tíṣà (àbí bọ̀dá, ẹ máà bínú), adìrẹ ni mò ń ṣe ní Yábàá, mo sì máa ń kọ́ àwọn ọmọdé láró nígbà họ́lídè, nítorí náà ohun tí mo mọ̀ nípa ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo fẹ́ sọ. Tí wọ́n bá ti rí ère tó pọ̀ lójú kan, gbogbo ẹ̀ á di ọ̀kan náà lójú wọn. Ẹ mú ibi méjì péré. Kẹ́ ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má ní kí wọ́n gbé nóòtì dání kí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀. Mo ti rí i títí ó ti sú mi, kíláàsì á wọlé, tíṣà á ní "ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá rí sílẹ̀", ọ̀rọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ni àwọn ọmọ á máa dà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, wọn ò ní gbójú sókè wo ère tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Bébà tí kò ní ìlà àti pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fún wọn, kẹ́ ẹ ní kí oníkálukú mú nǹkan kan ṣoṣo tó wù ú, kó jókòó síwájú ẹ̀ kó yà á. Kò pọn dandan kó dáa. Ọmọ tó bá ya orí Ifẹ̀ kan, tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ fa àwọn ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lójú ẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, kò ní gbàgbé orí yẹn láéláé.

Tó bá jẹ́ èmi, Randle àti Freedom Park ni màá mú, màá fi mùsíọ́mù sílẹ̀ di táàmù tó ń bọ̀. Freedom Park torí pé ọmọ lè sáré níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ìtàn sì wà níbẹ̀ tó kan ẹ̀yin tíṣà gan-an. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street, 1882 ni àwọn òyìnbó kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ ọ́n tí wọ́n fi koríko bò ó, àwọn ará ìlú ń ju iná sí i, ó ń jó, ni wọ́n bá kó bíríkì wá láti England ní 1885 kọ́ ọ lákọ̀tun. Owó tí wọ́n ná lórí ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn, £16,000, ti ẹ̀kọ́ ìwé nígbà yẹn, £700. Ẹ kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù fún wọn kẹ́ ẹ ní kí wọ́n yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ẹ ti fi iṣẹ́ máàtì kún un nìyẹn. Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, Awólọ́wọ̀ náà dé'bẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń so èèyàn kọ́ nígbà yẹn ni wọ́n sọ di orí ìtàgé tí wọ́n ti ń kọrin lónìí. 2010 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí páàkì, Theo Lawson ló yàwòrán ẹ̀, ó fi ojú ibi tí àwọn yàrá ẹ̀wọ̀n wà sílẹ̀ kí èèyàn lè rí bí wọ́n ṣe fún tó. Ẹ ní kí ọmọ kan dúró sínú ẹ̀ kó na apá méjèèjì.

Nike Gallery ní Lẹ́kkí náà dáa o, ọ̀fẹ́ ni wíwọlé ẹ̀, ilé alájà púpọ̀ tí iṣẹ́ ọnà kún láti ìsàlẹ̀ dé òkè, Màmá Nike Davies-Okundaye gan-an lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àmọ́ láti Ṣómólú dé Lẹ́kkí lọ́jọ́ ìṣẹ́? Ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Bọ́ìsì_Mushin

Kò sẹ́ni tó dárúkọ Kalakuta. Mùsíọ́mù Fẹlá, Gbẹ́misọ́lá Street n'Íkẹjà, mainland níbí, ẹ ò ní gba orí afárá kankan, sàárè bàbá náà wà níwájú ilé. Èèyàn wo ló tún ní àṣà ju Fẹlá lọ?

Tíṣà_Ṣómólú

Bọ́ìsì, èmi fúnra mi fẹ́ràn Fẹlá, àmọ́ ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n pàtẹ pátá ẹ̀ síbẹ̀? Ọ̀gá wa, ìyá ìjọ ni o. Ó kù díẹ̀ kí n pàdánù iṣẹ́ 😂

Bọ́ìsì_Mushin

Pátá náà iṣẹ́ ọnà ni jàre.

Bàbá_Rélùwéè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín, ó dùn mọ́ mi, àmọ́ gbogbo yín lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n máa lọ, kò sẹ́ni tó sọ bí wọ́n ṣe máa débẹ̀. Owó bọ́ọ̀sì tí wọ́n máa háyà ló máa jẹ owó ẹskọ́ṣọ̀n yìí run, bọ́ọ̀sì náà á sì lọ sùn sórí Third Mainland. Ọmọ wa tíṣà, ẹ kó wọn wọ rélùwéè.

Bó ṣe máa lọ nìyí. Ẹ kó wọn dé Ìgánmú láàárọ̀, ẹ ò tíì kúrò ní mainland nìyẹn. National Theatre tẹ́ ẹ bèèrè, bẹ́ẹ̀ ni o, wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n ti ṣí i, October 1, 2025 ni, orúkọ Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n fi sọ ọ́ báyìí. Ẹ tiẹ̀ lè má wọlé, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró síta wò ó. Fìlà sójà ni gbogbo wa ń pè é. Àwọn ará Bulgaria ló kọ́ ọ, wọ́n ní irú ẹ̀ ní ìlú Varna lọ́dọ̀ tiwọn, ìyẹn ni wọ́n wò kọ́ tiwa, torí FESTAC ni, àjọ̀dún àṣà àwọn èèyàn dúdú àgbáyé, tó bẹ̀rẹ̀ ní January 15, 1977 tó parí ní February 12. Gbọ̀ngàn ńlá inú ẹ̀, ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn ló ń gbà. Mo wà l'Ékòó nígbà FESTAC, mo ṣì jẹ́ géńdé, èèyàn dúdú láti gbogbo ayé ló ń rìn ní títì, èmi tí mo rò pé mo mọ ìlù, mo gbọ́ ìlù tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Ẹ jẹ́ n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yẹn ilẹ̀ á ṣú.

Stéṣọ̀n rélùwéè Blue Line wà nítòsí ibẹ̀ gan-an, National Theatre náà ni wọ́n ń pè é. Ẹ wọ ọkọ̀ níbẹ̀, ibi tó máa dúró lẹ́yìn ìyẹn ni Marina, ó ti parí. Láti September 2023 ló ti ń ṣiṣẹ́. Orí omi ló máa gbé wọn gbà, àwọn ọmọ á rí ọ̀sà lápá ọ̀tún lápá òsì, ọmọ tó ń bèèrè bóyá òkun ń wọ yàrá á fojú ara ẹ̀ rí ibi tí omi dúró sí. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, nítorí náà kẹ́ ẹ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ stéṣọ̀n sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn nípa iye ọmọ tẹ́ ẹ ń kó bọ̀, ẹ má ṣe dédé yọ sí wọn.

Tẹ́ ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní Marina, ẹsẹ̀ yá. Kàtídírà tó wà níbẹ̀, Bagan Benjamin ló yàwòrán ẹ̀, wọ́n kọ́ ọ títí di 1946 kó tó parí, ojú ìrántí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther wà nínú ẹ̀, ẹni tó tú Bíbélì sí Yorùbá. Ẹ rìn síwájú díẹ̀, ilé NEPA àtijọ́ nìyẹn, ẹ gbójú sókè, Ṣàngó ló dúró síbẹ̀, idẹ, ó gbé apá sókè. Enwonwu tí wọ́n dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà ló ṣe é, 1964. Ẹni tó ní mọ̀nàmáná ni wọ́n gbé síwájú ilé iṣẹ́ iná, iná ò sì dúró. Ẹ bi àwọn ọmọ pé kí ló fà á, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ lẹ máa gbà bọ́ sí Broad Street lọ Freedom Park, ẹ bá tún ń lọ sí Oníkàn.

Ìmọ̀ràn kejì tí mo ní, ọ̀gá yín lè má gbà á. Èbúté Mẹ́ta ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ilé kan wà nínú ọgbà rélùwéè níbẹ̀, Jaekel House, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ní 1898, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Legacy ló tún un ṣe, àwòrán àtijọ́ àti nǹkan rélùwéè ayé ọjọ́un kún inú ẹ̀. Nítòsí náà ni stéṣọ̀n Mọ́bọ́lájí Johnson ní Alágòmẹ́jì, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀ lọ Abẹ́òkúta, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Ládẹ̀rín, kẹ́ ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ Olúmọ. Ọmọ tó bá gun Olúmọ tó wá rí òrùlé páànù pupa Abẹ́òkúta nísàlẹ̀, tó tún gba Ìtòkú kọjá níbi tí wọ́n ti ń ta adìrẹ, ìyẹn nìkan tó fún táàmù kan. Owó ẹ̀ ló máa ju ti Èkó lọ.

Àdùkẹ́_Aláró

Bàbá, ẹ kú orí ire. Ìtòkú tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn wọ̀ mí lára. Kí àwọn ọmọ rí adìrẹ ẹlẹ́kọ àti oníko lójú kan, kí wọ́n rí i pé èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ yà kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi okùn dì. Àmọ́ mo gbà pé ti Èkó ni ká kọ́kọ́ ṣe. Tíṣà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ adìrẹ, ẹ jẹ́ n wá sí kíláàsì yín, ẹ fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí mi, mi ò ní gba owó, aṣọ funfun tí ò wúlò mọ́ nílé ni kí wọ́n mú wá.

Ìyá_Campos

Àwọn wọ̀nyí ń sọ̀rọ̀ Oníkàn, wọn ò dárúkọ Pópó Àgùdà! Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀, mo ní kò ní dára kí n dákẹ́.

Ẹ wò ó tíṣà, Freedom Park tẹ́ ẹ̀ ń lọ yẹn, ẹ̀yìn ẹ̀ lọ́hùn-ún ni wa. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ Brazil, tí wọ́n padà wá, àdúgbò yìí ni wọ́n tẹ̀dó sí, iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ aránṣọ ni wọ́n kó bọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé àtijọ́ tó kù níbí fi ní fèrèsé alárà bẹ́ẹ̀. Water House wà ní Kákáwá, ilé ìdílé da Rocha, ibẹ̀ ni àwọn aládùúgbò ti ń ra omi nígbà tí ẹ̀rọ omi ò tíì sí l'Ékòó. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey wà ní Martins Street, 1894 ni wọ́n ṣí i, João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà ló sì kọ́ ọ. Àgùdà, ẹlẹ́sìn Kátólíìkì, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí fún Mùsùlùmí, kò sẹ́ni tó jà. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ yín ní Ṣómólú kó yé wọn bí Èkó ṣe rí.

Èyí tó dùn mí ni Ìlọ́jọ̀ Bar, ilé àtijọ́ àwọn Àgùdà kan ní Tinúbú Square. 1956 ni ìjọba ti kà á sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kàn án, wọ́n wó o lulẹ̀ ní September 11, 2016, ọjọ́ Sunday ni o. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sọ́jà, mi ò fẹ́ máa wo ọ̀gangan ibẹ̀ mọ́. Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ dúró di táàmù tó ń bọ̀ kẹ́ ẹ tó wo nǹkan kan, ẹ má gbọ́ tiẹ̀, Àdùkẹ́ má bínú. Ilé kì í dúró de èèyàn ní Island yìí.

Àmọ́ ẹ má kó ogójì ọmọ wọ Martins Street o, ọjà ni gbogbo ẹ̀ di báyìí, Balógun ti yọ sí i láti gbogbo ìhà. Ìhà Campos àti Kákáwá ló fọkàn balẹ̀. Bẹ́ ẹ bá lè wá lásìkò Ọdún Àjíǹde, ẹ máa rí Caretta tó ń jáde, àwọn ọmọ àdúgbò á wọ aṣọ aláwọ̀ mèremère, fèrè ń dún, a sì máa ń se frẹ́jọ́ọ̀nì ní Good Friday, ẹ̀wà tá a lọ̀ kúnná tá a fi omi àgbọn sè, pẹ̀lú ẹja. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ní kí lèyí, ẹni tó bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan á tún gbé abọ́ wá.

Ẹ̀yọ̀ ńkọ́ lẹ máa bi mí. Ẹ̀yọ̀ kì í ṣe nǹkan ọdọọdún, tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ti èèyàn ńlá kan tó ti kọjá lọ ni wọ́n ń gbé e jáde, ẹ ò lè fi í sínú ètò ilé ìwé. Àmọ́ ẹ lè kọ́ wọn kí wọ́n tó wá pé nínú àwọn ẹgbẹ́ Ẹ̀yọ̀, Adímú ló máa ń ṣáájú, òun ló ní akẹtẹ̀ dúdú, Lábà pupa, Oníko yẹ́lò, Ológèdè gíríìnì, Agẹ̀rẹ̀ àwọ̀ elésè àlùkò. Kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn obìnrin inú wọn pé tí Ẹ̀yọ̀ bá wà lójú títì, kò sí irun ṣùkú lórí, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni, ọ̀pámbàtà, ọ̀pá ọwọ́ Ẹ̀yọ̀, ò mọ ọmọ praimárì 😄

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó

Màmá wa, ẹ ti gbà á lẹ́nu mi. Mo gbà fún yín.

Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù àti bébà yẹn dáa púpọ̀, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ èmi ò gbà kẹ́ ẹ fo mùsíọ́mù, ọmọ tó bá rí Randle láìrí mùsíọ́mù, ìtàn ló gbọ́, kò tíì rí ẹrù ìtàn náà. Kí Freedom Park jẹ́ ibi ìsinmi àti oúnjẹ, kí wọ́n má ṣe ju wákàtí kan lọ nínú mùsíọ́mù, yàrá méjì péré, kí olùtọ́nisọ́nà ibẹ̀ bá wọn sọ̀rọ̀.

Tíṣà_Ṣómólú

Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ti fún mi níṣẹ́ táàmù méjì. Mo tẹ gbogbo ẹ̀ jáde, mo fi han ọ̀gá. Ohun tó mú jù ni ọkọ̀ ojú irin, ó ní èmi gan-an màá bá yín lọ, èmi náà ò tíì wọ Blue Line rí. Ó ti yí lójú ẹ̀ báyìí, kò sọ̀rọ̀ owó mọ́.

Báyìí la ṣe tò ó: Ìgánmú láàárọ̀, a wo fìlà sójà látìta, a wọ ọkọ̀ lọ Marina, Kàtídírà, Ṣàngó, Water House láti ìta, Freedom Park, ká jẹun, lẹ́yìn náà Randle. Mùsíọ́mù, ọ̀gá ní a ó wò ó bí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ bá ṣe rí, mọ́tò Murtala yẹn ni ò jẹ́ kó fẹ́ yọ ọ́ kúrò, òun náà fẹ́ rí i. Àǹtí Àdùkẹ́ (obìnrin ni mí o, ẹ gbà á), mo ti fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́.

Ìbéèrè méjì ló kù. Oúnjẹ, ṣé kí wọ́n gbé kúlà wá látilé àbí ká ra níbẹ̀? Àti ilé ìtọ̀, torí pé ogójì ọmọ, ẹ ò ní mọ̀ bẹ́ ẹ ò bá tíì kó wọn jáde rí, tí ọ̀kan bá ti ní òun fẹ́ tọ̀, gbogbo wọn ni.

Ìyá_Campos

Kí wọ́n gbé e wá látilé, ìrẹsì tó ti gbẹ díẹ̀, kì í ṣe ọbẹ̀ tó máa dà sínú báàgì, omi tí wọ́n máa mu ni kó pọ̀. Àwọn tó ń ta oúnjẹ wà nínú Freedom Park, àmọ́ owó àgbàlagbà ni wọ́n ń gbà, tí ọmọ kan bá ra tí èkejì ò ra, ẹkún lẹ máa gbọ́. Ilé ìtọ̀ wà níbẹ̀, wà ní Randle náà. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn tọ̀ ní Freedom Park kẹ́ ẹ tó dìde, tó ń tọ̀ ọ́ tí kò tọ̀ ọ́, kó lọ. Kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ kọ lẹ́tà ilé ìwé ránṣẹ́ síwájú sí Randle àti mùsíọ́mù, ẹ bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà ọjọ́ tí wọn kì í ṣí, kẹ́ ẹ má lọ bá géètì ní títì. Wednesday tàbí Thursday ni kẹ́ ẹ mú, Friday kò dáa, ọ̀sán Jímọ̀ọ̀ ni Island máa ń dí. Tẹ́ ẹ bá mọ ọjọ́ náà ẹ kọ ọ́ síbí, màá mú frẹ́jọ́ọ̀nì díẹ̀ wá bá yín ní páàkì tó bá bọ́ sásìkò ẹ̀.